Ìrọ̀lẹ́ Wáìnì àti Ìpápánu Sípéènì

Ìgò wáìnì kan ń gba 750 mìlílítà. Bí a bá bu 50 mìlílítà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìgò kan á kárí ènìyàn márùndínlógún, kò sì ní ṣẹ́kù. Ìṣirò yìí wà lára ohun tó fà á tí ìtọ́wò wáìnì fi máa ń dára jù láàárín ènìyàn díẹ̀, láti mẹ́jọ sí méjìlá. Ìgò kan ṣoṣo á tó gbogbo wọn, ohun kan náà ni gbogbo ẹnu á máa tọ́ wò lásìkò kan náà, ẹni tó bá sì ní ìbéèrè á béèrè láìpariwo. Ní ìrọ̀lẹ́ tí a bá yà sọ́tọ̀ fún wáìnì Sípéènì, ìgò mẹ́fà láti ẹkùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè tẹ̀ léra wọn wá sórí tábìlì, kí ìpápánu kékeré tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní tapas sì máa bá ọ̀kọ̀ọ̀kan rìn. Gbogbo ohun tí ẹnì kan máa mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí kò ju 300 mìlílítà lọ, kò tó ààbọ̀ ìgò.

Oúnjẹ ni olùkọ́ ní irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ẹkùn Sípéènì, ibi tí wọ́n ti ń gbin àjàrà náà ni wọ́n ti ń pẹja tàbí tí wọ́n ti ń sin ẹran, wọ́n sì ti ń fi ọ̀kan jẹ èkejì láti ìrandíran. Wáìnì tó dà bíi pé ó kan jù nígbà tí a dá a mu á rí àyè rẹ̀ ní kété tí ẹja oníyọ̀ bá ti kan ahọ́n. Èyí tó dà bíi pé ó le jù á rọ̀ lẹ́yìn ẹran ọlọ́ràá. Ẹni tó bá mu wọ́n láìfi nǹkan kan sẹ́nu ti pàdánù ìdajì adùn wọn.

Sípéènì ni oko àjàrà rẹ̀ gbòòrò jù lágbàáyé: ó lé ní 900,000 hẹ́kítà. Síbẹ̀, wáìnì tó ń jáde láti Ítálì àti Faransé pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ilẹ̀ àárín Sípéènì ga, ó sì gbẹ, nítorí náà wọ́n máa ń gbin àjàrà jìnnà síra kí gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan lè rí omi fà. Ojú ọjọ́ ibẹ̀ kò rí bákan náà níbi gbogbo. Àríwá ìwọ̀-oòrùn, létí Òkun Àtìláńtíìkì, tutù, òjò sì ń rọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Àárín jẹ́ òkè pẹrẹsẹ tí ọ̀sán rẹ̀ gbóná janjan, tí òru rẹ̀ sì máa ń tutù. Ìlà-oòrùn àti gúúsù ń jẹ oòrùn Òkun Mẹditaréníà. Àjàrà tí a kó kúrò ní ọ̀kan nínú àwọn ibi wọ̀nyí lọ sí òmíràn kò ní so èso tó ń dùn bí ti àkọ́kọ́.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́ níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò ará Fòníṣíà tó tẹ Cádiz dó ṣáájú ìbí Jésù ti ń ṣòwò wáìnì ní gúúsù, àwọn ará Róòmù sì fi ọkọ̀ òkun kó wáìnì ilẹ̀ náà lọ sí Róòmù. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí láti Àríwá Áfíríkà wọlé ní 711, àjàrà kò parẹ́ nínú oko: wọ́n ń jẹ èso rẹ̀ ní tútù, wọ́n ń sá a gbẹ, àwọn kan sì ń mu ọtí rẹ̀. Ìjọba wọn tó kẹ́yìn wó ní Granada ní 1492. Lóde òní, òfin ń dáàbò bo orúkọ ẹkùn kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Denominación de Origen. Òfin yìí ló ń sọ irú àjàrà tí wọ́n lè lò, ilẹ̀ tó gbọ́dọ̀ ti wá, àti bí ọtí náà ṣe gbọ́dọ̀ pẹ́ tó kí wọ́n tó tà á. Ẹkùn méjì péré, Rioja àti Priorat, ló wà ní ipò tó ga jù lọ nínú ètò náà.

Ẹni tó bá mọ ẹmu ọ̀pẹ ti mọ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wáìnì. Ṣúgà wà nínú omi èso àjàrà bó ṣe wà nínú ẹmu àárọ̀. Ìwúkàrà á jẹ ṣúgà yìí, á sọ ọ́ di ọtí, yóò sì máa hó. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé ẹmu tó bá di ọjọ́ kejì ti ń kan, nígbà tí omi àjàrà ní ṣúgà àti ìkan tó pọ̀ tó láti di ohun tó lè wà nínú ìgò fún ọdún púpọ̀. Agbára ọtí inú ọ̀pọ̀ wáìnì wà láàárín ìdá 11 àti ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe wáìnì funfun, wọ́n á fún omi kúrò lára èèpo kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Tó bá jẹ́ pupa ni, èèpo á wà nínú rẹ̀ títí yóò fi hó tán, nítorí pé ara èèpo ni àwọ̀ pupa náà wà. Ibẹ̀ náà ni táníìnì ti ń wá, ohun tó máa ń gbẹ ẹnu tó sì ń fa èrìgì.

Tapas kò ní irú kan pàtó. Ó lè jẹ́ èso ólífì mélòó kan nínú àwo, ègé búrẹ́dì tí wọ́n gbé ẹja lé, edé tí wọ́n dín nínú ááyù àti òróró ólífì, tàbí ègé tortilla, ẹyin díndín tó nípọn tí pòtétò kún inú rẹ̀. (Àwọn ará Sípéènì kò tíì fẹnu kò lórí bóyá ó yẹ kí àlùbọ́sà wọ inú tortilla, ọ̀rọ̀ náà sì ká wọn lára gidigidi.) Ìtàn kan tí wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ ní Andalusia ni pé ègé búrẹ́dì tàbí ẹran ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń dé ife ọtí kí eṣinṣin àti eruku má bàa kó sínú rẹ̀. Ní Granada, Jaén, Almería àti León, ẹni tó bá ra ọtí ṣì ń rí ìpápánu gbà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn, owó ni wọ́n fi ń rà á. Àwọn ará San Sebastián ní ilẹ̀ Basque ní tiwọn, pintxos, tí wọ́n máa ń fi igi ìtayín gún pọ̀. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni gilda: èso ólífì, ẹja kékeré oníyọ̀ àti ata tútù tí wọ́n fi ọtí kíkan pamọ́, lórí igi kan ṣoṣo. Sinimá tó jáde ní 1946 ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Bí ó ti wù kí tapas rí, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe: kì í jẹ́ kí ọtí bá inú òfìfo. Àwọn ará Sípéènì kì í tètè jẹ oúnjẹ alẹ́; aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ ẹ́. Láàárín ìgbà tí iṣẹ́ parí sí ìgbà náà, wọn a máa lọ láti ilé ọtí kan dé òmíràn, ife kékeré kan àti ìpápánu kan níbí, òmíràn lọ́hùn-ún, lórí ìdúró. Ìrọ̀lẹ́ ìtọ́wò kó gbogbo ìrìn yìí jọ sórí tábìlì kan.

Kí ìgò àkọ́kọ́ tó ṣí, atọ́kùn á ti mójú tó bí ọtí kọ̀ọ̀kan ṣe tutù tó. Wáìnì tó ń hó àti sherry gbígbẹ, ìyẹn èyí tí kò dùn, fẹ́ nǹkan bí 7 sí 9 lórí ìwọ̀n Celsius. Funfun yòókù fẹ́ 8 sí 11, pupa sì fẹ́ 15 sí 18. Ní ilẹ̀ olóoru, yàrá ti gbóná jù fún pupa pàápàá, ó sì yẹ kó lo nǹkan bí ìdajì wákàtí nínú fíríìjì kí wọ́n tó bù ú. Wáìnì pupa tó gbóná kì í gbé òórùn èso jáde mọ́, ọtí nìkan ni imú máa ń gbọ́ lára rẹ̀. Ife tó dára ní ikùn gbòòrò, ẹnu rẹ̀ sì sún wọlé kí òórùn má bàa sá lọ. Omi mímu àti búrẹ́dì lásán gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

Ojú ló ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Wọ́n á gbé ife síwájú aṣọ funfun láti wo àwọ̀ rẹ̀, nítorí pé wáìnì funfun máa ń pọ́n sí i bó bá ṣe ń dàgbà, pupa sì máa ń ṣá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yí ife lọ́wọ́ díẹ̀ kí òórùn lè jáde, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á sì fi díẹ̀ sẹ́nu kí wọ́n jẹ́ kó yí gbogbo ahọ́n ká. Ìkan á mú itọ́ jáde, táníìnì á gbẹ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ á gbé e mì, ẹni tí kò fẹ́ á tu ú sínú korobá kékeré. Kò sí àrífín nínú títu wáìnì dànù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn jẹ́ títọ́ wáìnì wò ń ṣe lójoojúmọ́. Ìgbà tó ṣe pàtàkì jù ni ìgbà kejì: wọ́n á jẹ ìpápánu tó bá a wá, wọ́n á sì tún tọ́ wáìnì náà wò. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti ń hàn, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tó jókòó.

Èyí tó fúyẹ́ ló ń ṣáájú, èyí tó wúwo ló ń tẹ̀ lé e, èyí tó dùn ló ń kẹ́yìn. Nítorí náà, Cava, wáìnì tó ń hó, ló sábà máa ń ṣí ìrọ̀lẹ́ náà. Ilẹ̀ Catalonia ni ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ ti ń wá, ìlú Sant Sadurní d'Anoia sì ni ojúkò rẹ̀. Níbẹ̀ ni Josep Raventós, tó ni ilé iṣẹ́ Codorníu, ti ṣe irú wáìnì yìí ní 1872 ní ọ̀nà tí àwọn ará Champagne ń gbà ní Faransé. Àjàrà Macabeo, Xarel·lo àti Parellada ni wọ́n sábà máa ń lò. Lẹ́yìn tí wáìnì náà bá ti hó nígbà àkọ́kọ́, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò pẹ̀lú ṣúgà àti ìwúkàrà díẹ̀, wọ́n á dé e pa, á sì tún hó nínú ìgò náà. Ìhó tí kò rí ibi jáde ló ń di ìfófó inú ife. Òfin ní kó wà lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ fún oṣù 9, ó kéré tán. Fún Gran Reserva, oṣù 30 ni, òórùn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ààrò sì máa ń wà lára rẹ̀. Oúnjẹ rẹ̀ kò ná ènìyàn ní nǹkan: búrẹ́dì sísun tí wọ́n fi tòmátì pípọ́n ra lójú, tí wọ́n wá ta òróró ólífì àti iyọ̀ sí. Òróró á bo ahọ́n, ìfófó Cava á sì fọ̀ ọ́ kúrò.

Ìgò kejì ti Galicia wá, ní igun àríwá ìwọ̀-oòrùn. Ẹkùn Rías Baixas gba orúkọ rẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1988, àjàrà Albariño ló sì gba ilẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nítorí òjò àti ọ̀rinrin, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ máa ń gbé àjàrà sókè orí òpó òkúta akọ, tó fi ga ju orí ènìyàn lọ, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá kí èso má bàa rà. Wáìnì tó ń jáde kan dáadáa, òórùn rẹ̀ mọ́, àwọn tó ń mu ún sì sábà máa ń sọ pé iyọ̀ òkun wà nínú rẹ̀. Ẹran omi tó bá a mu ni pulpo, ẹran òkun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Ní ọjà àti níbi ayẹyẹ, àwọn obìnrin tó mọ iṣẹ́ náà máa ń bọ̀ ọ́ nínú ìkòkò bàbà, wọ́n á fi àlùmọ́gàjí gé e sórí àwo pákó, wọ́n á sì wọ́n iyọ̀, òróró ólífì àti ata lílọ̀ sí i.

Ata yìí, pimentón, yẹ fún ọ̀rọ̀ díẹ̀. Èyí tó dára jù ń wá láti La Vera ní Extremadura, níbi tí wọ́n ti ń fi èéfín igi óákù gbẹ ata fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Amẹ́ríkà ni ata ti dé Yúróòpù lẹ́yìn ìrìn-àjò Columbus, bíi tòmátì àti pòtétò. Ìrìn-àjò òkun sáà náà ló gbé ata àti tòmátì dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú, tí wọ́n fi wọnú ọbẹ̀ Yorùbá. Òórùn èéfín tó wà lára pimentón kò lè ṣàjèjì sí ẹni tó ti jẹ ẹja sísun.

Ìgò kẹta ló máa ń ya àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí lẹ́nu jù, òun náà ló sì yẹ kí atọ́kùn fara balẹ̀ ṣàlàyé jù. Fino ni, ọ̀kan nínú ìdílé ọtí tí gbogbo ayé mọ̀ sí sherry. Ìlú mẹ́ta ní gúúsù ni ojúlé rẹ̀: Jerez de la Frontera, Sanlúcar de Barrameda àti El Puerto de Santa María. Ilẹ̀ oko ibẹ̀ funfun bí ẹfun. Ó máa ń fa omi òjò ìgbà òtútù mu, á sì pa á mọ́ sísàlẹ̀ títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí òjò kì í rọ̀ rárá. Àjàrà Palomino tí wọ́n ń gbìn síbẹ̀ kò ní adùn tó ṣe é pariwo. Inú ilé àgbá ni iṣẹ́ gidi ti ń bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n á kọ́kọ́ fi ọtí líle tí wọ́n pọn láti inú àjàrà kún wáìnì náà títí agbára rẹ̀ á fi di ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n á wá rọ ọ́ sínú àgbá onígi óákù tó lè gba nǹkan bí 600 lítà, ṣùgbọ́n wọn kì í rọ ọ́ kún. 500 lítà ni wọ́n máa ń rọ sí i kí afẹ́fẹ́ lè rí àyè. Lójú ọtí náà, awọ funfun kan á hù, ìwúkàrà ni, tí wọ́n ń pè ní flor. Awọ yìí á bo ọtí mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa bà á jẹ́, á máa jẹ lára ọtí náà, á sì fún un ní òórùn álímọ́ńdì àti ti ìyẹ̀fun tútù. Tí wọ́n bá fi ọtí líle kún un dé ìdá 17, awọ náà á kú, afẹ́fẹ́ á wọlé, ọtí á sì pọ́n títí á fi di oloroso, èyí tó dúdú tó sì wúwo. Àjàrà kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni, ìdá méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún ló yà wọ́n nípa.

Àgbá wọ̀nyí máa ń wà ní ìpele-ìpele. Láti inú ìpele ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní solera, ni wọ́n ti ń bu èyí tí wọ́n máa tà, wọn kì í sì í bu àgbá kan gbẹ láé. Wọ́n á fi ọtí ìpele kejì dí èyí tí wọ́n bù, wọ́n á fi ti ìkẹta dí ti ìkejì, ọtí tuntun á sì gba òkè wọlé. Báyìí ni àgbà ṣe ń tọ́ ọmọdé sọ́nà nínú ilé àgbá, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìgò sherry kò fi ní ọdún kan pàtó lára. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti fi ife tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lórí ọ̀pá gígùn gún awọ flor kọjá láìdà á rú, kí wọ́n bu ọtí jáde, kí wọ́n sì dà á láti òkè sínú gíláàsì kékeré láìta sílẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ́ràn ọtí yìí tipẹ́. Nígbà tí Francis Drake kọlu Cádiz ní 1587, nǹkan bí àgbá 2,900 ni wọ́n sọ pé ó kó lọ. Shakespeare pàápàá fi ìyìn rẹ̀ sẹ́nu Falstaff, ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn inú eré rẹ̀. Ó dunni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn lóde Sípéènì mọ sherry gẹ́gẹ́ bí ọtí dídùn lásán, nígbà tí fino gbẹ pátápátá tí kò sì ní ṣúgà tó ṣe é sọ.

Ohun tó bá fino rìn ni èso ólífì, edé, àti jamón ibérico, itan ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ pa tí wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ gbẹ. Ẹlẹ́dẹ̀ dúdú ilẹ̀ Sípéènì ni wọ́n ń lò. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, wọ́n á tú wọn sílẹ̀ sínú igbó óákù ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn láti máa jẹ èso igi náà tó ń bọ́ sílẹ̀. Itan èyí tó dára jù lè wà lórí ìkọ́ fún ọdún mẹ́ta kí ó tó délẹ̀. Láti 2014, àwọ̀ àmì tó wà lára rẹ̀ ló ń sọ irú èyí tó jẹ́: dúdú ni ti ẹlẹ́dẹ̀ tí ìran rẹ̀ kò ní àdàlù tó sì jẹ èso óákù, funfun ni ti èyí tó jẹ oúnjẹ ilé. Wọ́n máa ń gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn kì í sì í gbé e síwájú ènìyàn ní tútù láti inú fíríìjì, nítorí pé ọ̀rá rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yọ́ kí adùn rẹ̀ tó jáde.

Rioja ló ń tẹ̀ lé e, pupa tí orúkọ rẹ̀ lókìkí jù ní Sípéènì. Ẹ̀bá odò Ebro ló wà, òkè Sierra de Cantabria sì ń dá afẹ́fẹ́ tútù àríwá dúró kó má bàa ba àjàrà jẹ́. Àjàrà Tempranillo ni olórí níbẹ̀. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àìsàn àti kòkòrò kọlu oko àjàrà Faransé. Kòkòrò bíńtín kan tí wọ́n ń pè ní phylloxera, tó ti Amẹ́ríkà wọlé, ló ṣe èyí tó burú jù: gbòǹgbò ló ń jẹ. Àwọn oníṣòwò Bordeaux sọdá òkè wá sí Rioja láti wá wáìnì rà, wọ́n sì kó ọgbọ́n àgbá onígi óákù tó ń gba 225 lítà lọ́wọ́ wá. Marqués de Murrieta àti Marqués de Riscal, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1852 àti 1858, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí. Ní ìlú Haro, àwọn ilé wáìnì kọ́lé yí ibùdókọ̀ ojú irin ká kí ó lè rọrùn láti kó àgbá wọ ọkọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Kòkòrò náà dé Rioja fúnra rẹ̀ ní 1899. Ohun tí wọ́n ṣe láti borí rẹ̀ ni pé wọ́n lọ́ ẹ̀ka àjàrà Yúróòpù mọ́ gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà tí kòkòrò náà kò lè pa, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe títí di òní. Ní àwọn erékùṣù Canary, kòkòrò náà kò ráyè gbilẹ̀ nígbà náà. Tí àyè bá gba ìgò keje, ti Lanzarote yẹ fún un. Inú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sínú eérú òkè oníná ni wọ́n ti ń gbin àjàrà níbẹ̀, wọ́n á sì to òkúta yí i ká nítorí ẹ̀fúùfù.

Ọ̀rọ̀ tó wà lára ìgò Rioja ń ran ẹni tó ń rajà lọ́wọ́. Pupa tí wọ́n kọ crianza sí lára ti pé ọdún méjì kó tó jáde, ó sì ti lo ọdún kan ó kéré tán nínú àgbá. Reserva ti pé ọdún mẹ́ta, ọdún kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti inú àgbá. Gran reserva ti pé ọdún márùn-ún, méjì nínú rẹ̀ nínú àgbá. Ọ̀pọ̀ ilé wáìnì ibẹ̀ fẹ́ràn igi óákù Amẹ́ríkà, tó máa ń fi òórùn fàńílà sínú ọtí. Reserva ló bá ìrọ̀lẹ́ ìtọ́wò mu jù: àgbà ti dé sí i, èso kò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Oúnjẹ rẹ̀ ni egungun ìhà ọmọ àgùntàn kékeré tí wọ́n sun lórí iná ẹ̀ka àjàrà. Ẹ̀ka tí wọ́n rẹ́ kúrò nínú oko nígbà òtútù ni wọ́n ń kó jọ láti dá iná náà. Ọ̀rá ẹran náà ló máa ń rọ táníìnì lójú, ẹni tó bá tọ́ wáìnì náà wò ṣáájú ẹran àti lẹ́yìn rẹ̀ á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Priorat, ìgò karùn-ún, tún dá wa padà sí Catalonia, ṣùgbọ́n sí orí òkè rẹ̀. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàngbé tó tẹ ilé Scala Dei dó ní ọ̀rúndún kejìlá ló gbé àjàrà gbilẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ òkúta dúdú pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tó máa ń tàn lójú oòrùn, gbòǹgbò Garnacha àti Cariñena sì ní láti wá ihò láàárín rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ kí ó tó rí omi. Èso tí igi kọ̀ọ̀kan ń so kéré, wáìnì rẹ̀ nípọn, ó sì lágbára. Àwọn mìíràn máa ń fi Ribera del Duero sí ipò yìí, àṣìyàn kọ́ ni: lórí ilẹ̀ tó ga ju 700 mítà lọ, Tempranillo kan náà tó wà ní Rioja máa ń dúdú, ó sì máa ń le sí i. Sọ́séèjì ilẹ̀ Catalonia pẹ̀lú ẹ̀wà funfun díndín ni oúnjẹ tó bá Priorat mu.

Pedro Ximénez ló ń kẹ́yìn. Àjàrà ni, orúkọ ọtí tí wọ́n ń fi ṣe náà sì ni. Ní gúúsù, pàápàá ní Montilla-Moriles nítòsí Córdoba, wọ́n á tẹ́ èso náà sórí ẹní nínú oòrùn títí á fi súnkì, tí ṣúgà inú rẹ̀ á sì ki. Ọtí tó ń ti inú rẹ̀ jáde dúdú, ó máa ń fà bí oyin, òórùn ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ àti kọfí sì wà lára rẹ̀. Àwọn kan máa ń dà á sórí áìsìkiriìmù, ṣùgbọ́n Cabrales ló bá a mu jù, wàràkàṣì tí wọ́n ń gbó sínú ihò àpáta ní Asturias. Iyọ̀ àti òórùn líle wàràkàṣì náà á dènà adùn ọtí kó má bàa súni.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá jókòó ló ń mu ọtí. Mosto, omi àjàrà tí kò tíì hó, wà ní ọ̀pọ̀ ilé ọtí Sípéènì, ó sì yẹ kó wà lórí tábìlì fún ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ọtí láyè, fún aboyún àti fún ẹni tó máa wa ọkọ̀ lọ sílé. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ lè fi wàràkàṣì Manchego tí wọ́n fi wàrà àgùntàn ṣe rọ́pò jamón, kò sì ní pàdánù nǹkan kan lọ́dọ̀ fino. Ó yẹ kí atọ́kùn béèrè ṣáájú ọjọ́ náà bóyá edé tàbí álímọ́ńdì máa ń yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ohun tó bá ṣẹ́kù sínú ìgò kò gbọ́dọ̀ ṣòfò. Tí ìdérí tó le bá wà lórí Cava, á ṣì máa hó lọ́jọ́ kejì. Albariño, Rioja àti Priorat lè lo ọjọ́ mẹ́ta nínú fíríìjì, kí wọ́n sì gbé pupa jáde ṣáájú kí ó tó di mímu. Fino fẹ́ràn òtútù, ó sì yẹ kó tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Pedro Ximénez kò ní wàhálà ní tirẹ̀: bí ìgò rẹ̀ bá wà lórí ìdúró, tí wọ́n dé e dáadáa, á ṣì dára lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì.